Abẹ́rẹ́ Àjẹsára HPV àti Ìpinnu Òbí ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìpinnu lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV máa ń ṣòro fún òbí ju ìpinnu lórí ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára yòókù lọ, nítorí pé àìsàn tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ náà, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, kì í bá ọmọdé jà. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá tí ó gbà á lónìí lè ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó di àsìkò tí àìsàn náà ì bá fi ara hàn lára rẹ̀. Èèyi àti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ máa ń hàn sí ìyá ní ojú kòrókòró, nítorí náà kì í nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó pọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ fún ìyá tí ó ń tajà ní Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo pé kí ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ le koko wá gba abẹ́rẹ́ nítorí àìsàn àwọn àgbà obìnrin, tí ó sì tún jẹ́ àìsàn tí ó ń gba ọ̀nà ìbálòpọ̀ wọ ara, kò sí ohun tí ó burú nínú kí ó dúró kí ó béèrè ìdí. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí ó dunni ni pé ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń béèrè tí wọn kì í rí ẹni dá wọn lóhùn, àsìkò tí abẹ́rẹ́ náà wúlò jù lọ a sì máa kọjá lọ kí ìdáhùn tó dé.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ yìí kún àwọn àjẹsára tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n sì ní in lọ́kàn láti kọ́kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin tí iye wọn tó mílíọ̀nù 7.7, tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 9 títí dé ọdún 14. Ìpínlẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú Àbújá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ṣun wà lára wọn, Èkó àti Ògùn náà sì wà níbẹ̀, nígbà tí Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì dúró de ìpele kejì ní ọdún 2024. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti máa lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ àti láti àdúgbò dé àdúgbò, lẹ́yìn èyí tí abẹ́rẹ́ náà di ohun tí ọmọ lè gbà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ti ìjọba ní ọjọ́ àjẹsára. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tí ó jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera, sọ ní gbangba nígbà náà pé àwọn ọmọbìnrin òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ti gba irú abẹ́rẹ́ yìí. Kí ọdún 2024 tó parí, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti gbà á ní Nàìjíríà ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Síbẹ̀ iye yìí, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, kò lè dáhùn ìbéèrè òbí kan ṣoṣo tí ọmọ tirẹ̀ kò tíì gbà á.

HPV ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọ̀wọ́ àwọn kòkòrò àrùn kan tí ẹ̀yà wọn lé ní igba, tí wọ́n máa ń gbé inú awọ ara àti inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú ẹnu, ọ̀fun àti ojú ara. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ènìyàn ní ibi kan tí ó tó nǹkan. Àwọn bíi méjìlá tàbí díẹ̀ lé ni ó léwu, àwọn méjì tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 16 àti 18 pè nínú wọn ni ó sì ń fa nǹkan bí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ìyẹn jẹjẹrẹ tí ó ń mú ọrùn tóóró tí ó so ilé ọmọ pọ̀ mọ́ ojú ara obìnrin. Ìfarakanra nígbà ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà fi ń ti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn, ó sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ti ní ìbálòpọ̀ rí ni yóò kó o ní ìgbà kan láyé wọn láìmọ̀, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò fún àwọn obìnrin ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, ó lé ní ìdámẹ́rin àwọn obìnrin náà tí wọ́n bá kòkòrò yìí lára wọn, bẹ́ẹ̀ ìyàwó ilé àti ọlọ́jà lásán ni wọ́n, tí wọ́n ń gbé ìgbé ayé wọn bí gbogbo obìnrin yòókù.

Lára ẹni púpọ̀, agbára ìdènà àrùn inú ara a máa lé kòkòrò náà lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Lára àwọn díẹ̀, kì í lọ. Bí ó bá ti dúró bẹ́ẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí yí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹnu ilé ọmọ padà díẹ̀díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì sì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tí gbogbo ara ènìyàn fi pọ̀. Ìyípadà yìí máa ń gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó di jẹjẹrẹ, àyàfi lára obìnrin tí agbára ara rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá èyí tí ó ní kòkòrò HIV tí kò sì gba ìtọ́jú, tí ó lè jẹ́ ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá péré. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò ní sí ìrora, kò sì ní sí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró bá tún ń rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí omi olóòórùn bá ń jáde lójú ara, àìsàn náà sábà máa ń ti rìn jìnnà. Ní Nàìjíríà, ìṣirò ọdún 2020 fi hàn pé nǹkan bí 12,000 obìnrin ni jẹjẹrẹ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láàárín ọdún kan, nǹkan bí 8,000 ni ó sì pa. Ní gbogbo àgbáyé, ó pa nǹkan bí 350,000 ní ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni ó sì ti pa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn, kì í ṣe nítorí pé ara àwọn obìnrin ibẹ̀ yàtọ̀, bí kò ṣe nítorí pé kò sí àyẹ̀wò tí yóò tètè rí i.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń fura pé àìsàn yìí ní ohun tí ó fi jọ mọ́ ìgbéyàwó àti ìbálòpọ̀. Ní ọdún 1842, dókítà ará Ítálì kan, Domenico Rigoni-Stern, yẹ ìwé ikú àwọn ará ìlú Verona wò, ó sì rí i pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ ń pa àwọn obìnrin abilékọ, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ inú ìjọ Kátólíìkì tí wọn kì í lọ́kọ. Ó gba ohun tí ó lé ní ogóje ọdún kí ìdí rẹ̀ tó yé. Harald zur Hausen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n rí HPV 16 nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní ọdún 1983, tí wọ́n sì rí HPV 18 ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ yìí ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2008. Lára ibi tí wọ́n ti bá HPV 18 ni àwọn sẹ́ẹ̀lì Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ yìí pa ní ọdún 1951 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 31, tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn Johns Hopkins mú nínú ẹran ara rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì ṣì wà láàyè nínú yàrá ìwádìí títí di òní. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá ń gbé abẹ́rẹ́ yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rántí obìnrin yìí. Ara ẹni tí wọn kò gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ ni apá kan nínú ìmọ̀ náà ti jáde, nítorí náà ìyọ̀ǹda òbí kì í ṣe ìwé kan lásán tí wọ́n kàn ń fi dí àyè.

Abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní kòkòrò àrùn nínú, yálà alààyè tàbí òkú. Ian Frazer àti Jian Zhou ní Yunifásítì Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, pé èèpo ara kòkòrò náà lè kó ara rẹ̀ jọ láìsí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bí ìkarahun tí kò sí ìgbín nínú rẹ̀. Inú ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, ni wọ́n ti ń ṣe èèpo yìí fún abẹ́rẹ́ tí Nàìjíríà ń lò. Bí èèpo náà bá wọ ara, agbára ìdènà àrùn a mọ ìrísí rẹ̀, a sì pèsè ohun ìjà sílẹ̀ dè é, ṣùgbọ́n kò lè bí síi, kò lè fa àìsàn, kò sì lè di jẹjẹrẹ. Ẹ̀yà mẹ́rin ni ó ń dènà: 16 àti 18 tí wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, pẹ̀lú 6 àti 11 tí wọ́n ń fa àwọn ẹran kéékèèké tí ó máa ń hù lójú ara.

Ohun tí abẹ́rẹ́ náà kò lè ṣe ni ó ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń fún ọmọdé. Kò lè lé kòkòrò tí ó ti wọ ara tẹ́lẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wo jẹjẹrẹ sàn; kí kòkòrò tó dé ni ó gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 a máa pèsè ohun ìjà tí ó lágbára ju ti àgbàlagbà lọ. Èyí ni ó fà á tí ìdúró òbí fi yàtọ̀ níbí sí ìdúró lórí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn, nítorí pé ẹni tí ó bá ní òun yóò ṣì máa wo bí nǹkan yóò ti rí títí ọmọ yóò fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti pinnu ná, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti pinnu.

Àwọn kan ń gbọ́ láti ẹnu ẹbí tí ó wà lókè òkun pé abẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n gbà, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè bóyá wọ́n dín ti Nàìjíríà kù nítorí owó. Ìbéèrè tí ó bọ́gbọ́n mu ni. Òótọ́ ni pé mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, tí ó sì di méjì lẹ́yìn náà fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́bìnrin 2,275, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, fi hàn pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo dènà HPV 16 àti 18 ní ìwọ̀n 97.5 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù méjìdínlógún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n gba ẹyọ kan ní Kọ́sítà Ríkà ṣì ní ohun ìjà rẹ̀ lára lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ní ìparí ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé ẹyọ kan tó fún àwọn ọmọ tí ara wọn le, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì bọ́ sórí ẹyọ kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn tí wọ́n ń lọ ní Iléṣà ti wà lórí ìlànà kan náà báyìí, àfi pé àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù, àtọkùnrin àtobìnrin, ni wọ́n ń fún ní ọdún 12 sí 13.

Ẹ̀rù tí ó wúwo jù lọ lọ́kàn òbí ní ilẹ̀ yìí kì í ṣe ti iye abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù àgàn ni. Òṣogbo ni ìlú tí àwọn obìnrin ti ń lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun láti ìran dé ìran láti tọrọ ọmọ, tí ẹni tí ó rí ọmọ sì ń padà wá dúpẹ́ nígbà ọdún rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Nínú ilé Mùsùlùmí àti ilé Krìstẹ́nì bákan náà, kò sí àdúrà tí ó ń mú kí àmín pọ̀ ju àdúrà ọmọ lọ. Nígbà náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá gba orí fóònù wọlé pé wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa ilé ọmọ àwọn ọmọbìnrin dúdú rẹ́, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn pé ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan ni kò mọ ohun tí ọmọ jẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ìdáhùn gidi ni ó yẹ ẹ̀rù náà, ìdáhùn náà sì wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tíláǹdì, ọdún 2008 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ yìí, àwọn ọmọ ìgbà náà sì ti di abiyamọ lónìí. Ní Rùwáńdà, tí ó jẹ́ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó mú un lò káàkiri, ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí ó tọ́ sí tí wọ́n gbà á. Àwọn náà ti dàgbà, wọ́n ti ń lọ́kọ, wọ́n sì ti ń bímọ. Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣọ́ ààbò abẹ́rẹ́ àjẹsára fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò léraléra, wọn kò rí ẹ̀rí kankan pé abẹ́rẹ́ náà ń sọ ènìyàn di àgàn.

Jẹjẹrẹ gan-an ni ó ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin. Bí wọ́n bá rí i ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí ó sábà máa ń wò ó sàn ni èyí tí wọ́n fi ń yọ ilé ọmọ kúrò pátápátá. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú onítànṣán ni, ìyẹn iná àìrí tí wọ́n fi ń jó àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tí ó sì máa ń ba ibi tí ẹyin obìnrin ti ń wá jẹ́ pẹ̀lú. Obìnrin tí ó jẹ́ ẹni ọdún márùndínlógójì tí ó ti ń wá ọmọ láti ìgbà tí ó ti lọ́kọ lè dé ilé ìwòsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, kí wọ́n sì sọ fún un pé kí ó yan ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ilé ọmọ rẹ̀. Ìrìn ìtọ́jú náà kì í sì í ṣe ti ìtòsí, nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ó nílò ìtànṣán láti Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń darí sí Ìbàdàn tàbí Èkó, tí wọn yóò máa lọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ẹbí yóò sì máa ta ohun tí wọ́n ní. Ìyá tí ó bá kọ abẹ́rẹ́ nítorí pé ó fẹ́ rí ọmọ-ọmọ ní ìdí tí ó dára. Ibi tí ó kọjú ìdí náà sí ni kò tọ́.

Ìfura sí abẹ́rẹ́ ní Nàìjíríà kò ṣàdédé wá. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer ṣe ìdánwò oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan, igba ọmọdé ni ó wà nínú ìdánwò náà, àwọn mọ́kànlá nínú wọn sì kú. Àwọn òbí kan ní wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ rẹ̀ gba ọdún púpọ̀. Nígbà tí àwọn aṣáájú ní Kánò sì kọ abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní ọdún 2003, ìrántí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn tètè gbà wọ́n gbọ́, àrùn náà sì tàn láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé ẹ̀yà kòkòrò rẹ̀ ti àdánidá ti kúrò ní Nàìjíríà. Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà tí ó yẹ kí òbí dì mú: oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò ni Trovan, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ HPV ti kọjá ìdánwò, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ òyìnbó ni ó sì ti gbà á kí ó tó dé Òṣogbo.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ní ìtàn tirẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì ṣeni láàánú pé àwọn ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ní ọdún 1956 ni dókítà ọmọdé kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ń kú bí ẹni ń ká ewé nígbà náà, èèyi sì wà lára àwọn àrùn tí ó ń pa wọ́n jù. Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì tí ó bá ṣiṣẹ́ dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n sì ṣe káàdì kan tí ìyá ń tọ́jú sọ́wọ́ ara rẹ̀ nílé, tí ó fi ń rí bí ọmọ ti ń dàgbà. Káàdì yìí ni ó di ohun tí wọ́n ń lò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ kárí ayé. Wíwo àwọn ọmọ náà fún ọdún púpọ̀ báyìí ni ó fi ojú àwọn onímọ̀ mọ bí èèyi ti burú tó ní Áfíríkà, tí ó sì jẹ́ kí wọ́n tètè rí ìdí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi pọn dandan. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí nínú ìtàn náà ni pé àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé fọkàn tán ètò náà nítorí pé àwọn tí ó mú un wá ń gbé láàárín wọn, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè, wọ́n sì padà wá ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tí ó dé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní aago mẹ́wàá tí ó sì lọ ní aago méjìlá kò lè rí irú ìfọkàntán bẹ́ẹ̀ gbà, bí abẹ́rẹ́ tí ó gbé wá tilẹ̀ dára tó.

Àwọn òbí mìíràn kò bẹ̀rù àgàn. Ohun tí wọ́n ń rò ni pé abẹ́rẹ́ tí ó dènà àrùn ìbálòpọ̀ yóò ṣí ọ̀nà ìṣekúṣe sílẹ̀ fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ni wọ́n ti ṣe lórí èyí ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo abẹ́rẹ́ náà, wọn kò sì rí i pé àwọn tí ó gbà á tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń tọ́ ọmọ sọ́nà, abẹ́rẹ́ kò sì gba ipò rẹ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọbìnrin tí ó pa ara rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó lè kó kòkòrò náà lára ọkọ rẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ní in, nítorí pé kì í sábà fi ara hàn lára ọkùnrin. Ìwà mímọ́ tirẹ̀ nìkan kò lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá.

Ní ti ìnira, apá a máa dun ọmọ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, orí lè fọ́ ọ, ara rẹ̀ sì lè gbóná díẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn a máa dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́, èyí ni ó fà á tí ó fi yẹ kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì ti jẹun kí wọ́n tó wá. Kí ara ènìyàn kọ abẹ́rẹ́ náà débi tí èémí yóò fi há ṣọ̀wọ́n púpọ̀: ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2017 sí nǹkan bíi 1.7 nínú mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́, ó sì ní ìtọ́jú bí òṣìṣẹ́ ìlera bá wà nítòsí. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fún aláboyún, ọmọ tí ibà ń ṣe gidigidi sì lè dúró kí ara rẹ̀ yá. Ní Jàpáànù, nígbà tí ìròyìn jáde ní ọdún 2013 pé àwọn ọmọbìnrin kan ń ní ìrora àti ìgbọ̀nrìrì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ìjọba dáwọ́ ìkéde rẹ̀ dúró, àwọn tí ó ń gbà á sì já láti bíi àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sí ohun tí kò tó ẹyọ kan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 30,000 ọ̀dọ́bìnrin ní ìlú Nagoya fi hàn lẹ́yìn náà pé irú àwọn ìnira wọ̀nyẹn kò wọ́pọ̀ lára àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ọdún 2022 ni ìjọba ibẹ̀ tó padà bẹ̀rẹ̀ sí polongo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tí ó yẹ kí wọ́n gbà á láàárín ọdún mẹ́sàn-án náà ti dàgbà kọjá ọjọ́ orí tí ó dára jù fún un. Ní Skọ́tíláǹdì ẹ̀wẹ̀, ìwádìí tí ó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 kò rí ẹyọ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kan ṣoṣo lára àwọn obìnrin tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà pé ní ọdún 12 tàbí 13.

Ìyá tí ó ń ṣe ìpinnu yìí fún ọmọ rẹ̀ náà ní ti ara rẹ̀ láti rò. Ọjọ́ orí tirẹ̀ ti kọjá ètò abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò kọjá àyẹ̀wò, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 30, tàbí ọdún 25 bí ó bá ní kòkòrò HIV. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ ńlá: nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ ọ yóò fi omi kíkan ra ẹnu ilé ọmọ, ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń yí padà yóò sì funfun, tí wọ́n sì lè tọ́jú rẹ̀ kí ó tó di jẹjẹrẹ rárá. Ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ náà yóò ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ó bá dàgbà, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà kò dènà gbogbo ẹ̀yà tí ó léwu.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí ètò yìí lè gbójú fò dá. Ní Ìgbọ̀nà àti ní àwọn ọjà Iléṣà, àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá wà tí wọn kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí lọ́dọ̀ ọ̀gá tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí òbí wọn sì wà ní abúlé tàbí ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò lè bá wọn níbẹ̀, alágbàtọ́ a sì máa sọ pé òun kò lè fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ kí nǹkan má baà ṣẹlẹ̀. Ìṣọ́ra yìí yé ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó gbé e dé orí fóònù, kí ó pe ìyá ọmọ náà, kí ó sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un, kí ó sì jẹ́ kí ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ohun tí ó bá fẹ́ mọ̀. Bí ìyá bá gbà, ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó súnmọ́ wọn jù ni wọn yóò mú ọmọ náà lọ ní ọjọ́ àjẹsára láìsan owó, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ tàbí ọdún tí wọ́n bí i. Káàdì tí wọ́n bá sì fún un níbẹ̀, tirẹ̀ ni, kí alágbàtọ́ má ṣe fi í sílẹ̀ sínú àpótí tirẹ̀ nígbà tí ọmọ náà bá ń padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.